Ẹ Tú Kọ̀ǹpútà Yín Wò Kí Ẹ Tó Ra Káàdì Gíráfíìkì

Bí ẹ bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Agbowó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ó gbọ́ gbólóhùn yìí dáadáa: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi káàdì yìí sínú kọ̀ǹpútà mi, mo ti rà á." Káàdì gíráfíìkì, èyí tó ń gbé àwòrán jáde sí mọ́nítọ̀, ni wọ́n ń sọ. Ibi "mo ti rà á" yẹn ni àyà mi ti máa ń já. Káàdì kan á ga ju ilé kọ̀ǹpútà lọ. Òmíràn á wọlé, ṣùgbọ́n páwà páàkì, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, kò ní okùn tó máa fún un níná. Òmíràn á wọlé rẹ́gí, fáànù á máa yí, ojú mọ́nítọ̀ á sì ṣókùnkùn biribiri. Mi ò kí í bá wọn jà, nítorí èmi náà ti jẹ ẹ́ rí: mo ra káàdì kan ní Ìkẹjà, mo gbé e lé itan títí dé Ìbàdàn, ilé ni mo tó rántí pé kọ̀ǹpútà tí mo rà á fún jẹ́ èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó tà á ní òun kì í gba ọjà padà.

Télọ̀ kì í gé aṣọ kó tó wọn oníbàárà. Nínú iṣẹ́ yìí, káàdì ni ohun tí a ń rà kẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà tí mo ní lọ́kàn ni àwọn tòkunbọ̀ ọ́fíìsì tó kún ìgboro: Dell OptiPlex 790, 990, 7010, 9020, HP Compaq 6200 àti 8200, Lenovo ThinkCentre, pẹ̀lú àwọn tí ẹnìkan tò fúnra rẹ̀. Lapútọ́ọ̀pù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Káàdì ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti jó mọ́ mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́.

Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Sukurudiráfà olórí àgbélébùú kan
- Téèpù télọ̀ tàbí rúlà
- Fóònù tó ní iná tọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ó tún fi ya fọ́tò
- Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó mọ́, tó sì gbẹ
- Fíláàṣì kan, tí ẹ ti kó CPU-Z (tó ń sọ irú prósẹ́sọ̀), GPU-Z (tó ń sọ irú káàdì) àti Display Driver Uninstaller (DDU, tó ń nu driver àtijọ́) sí
- Dátà tó tó. Driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá káàdì ṣiṣẹ́) ti NVIDIA nìkan lè ju 500 MB lọ
- Bébà àti bírò. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí sí orí nìkan

1. Ẹ mọ orúkọ ẹ̀rọ yín

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ kọ ohun márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀: System Model, Processor, BaseBoard Product, BIOS Version/Date àti BIOS Mode.

BIOS ni ètò inú mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn. Ní BIOS Mode ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá rí Legacy níbẹ̀, kò túmọ̀ sí pé mọ́dàbọ́ọ̀dù yín kò ní UEFI, ìyẹn irú BIOS ìgbàlódé. Ọ̀nà tí Windows gbà tan ló ń sọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó fi Windows sí i fún yín ló yàn án bẹ́ẹ̀. Ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ inú BIOS fúnra yín (F2 fún Dell, F10 fún HP, F1 fún Lenovo), kí ẹ wò ó bóyá UEFI wà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé àwọn káàdì ìgbà yìí, bíi RX 6400, lè máà gbé àwòrán kankan jáde lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù tí kò ní UEFI. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ní in, káàdì àtijọ́ bíi GTX 750 Ti ni kó máa wá.

Ẹ wo ìlà Processor náà. i5-2400 jẹ́ ìran kejì Intel, i5-3470 jẹ́ ìran kẹta. Bí ohun tí ẹ rí bá jẹ́ Core 2 Duo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó yín sápò. Kò sí káàdì tó máa sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń gé fídíò ìgbéyàwó. Bákan náà ni ẹni tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, tó ṣì ń lo háádì díìsìkì tó ń yí: RAM àti SSD ni kó kọ́kọ́ rà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Àyẹ̀wò: ohun márààrún ti wà lórí bébà, ẹ sì ti wa ìwé ìtọ́ni ẹ̀rọ náà jáde lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é. Bí ẹ kò bá rí ìwé náà, orúkọ tí ẹ kọ ni kò pé.

2. Ẹ tú u, ẹ wo ihò

Ẹ pa á, ẹ yọ okùn iná lára ògiri, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì ìtànná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè ṣàn dànù. Ẹ tú ìdérí. Bí eruku bá ti di bùláńkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò; ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ wà nínú afẹ́fẹ́ ẹnu.

Ihò tí ẹ ń wá ni PCI Express (PCIe) x16. Ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 9, ó sì sábà máa ń wà nítòsí prósẹ́sọ̀. Èyí tó kúrú bí ìka ọmọdé ni x1, kò wúlò fún wa. Bí ihò gígùn kan ṣoṣo tí ẹ rí bá ní àwọ̀ búráùn, tó sì jìnnà sí ẹ̀yìn ilé kọ̀ǹpútà díẹ̀, AGP nìyẹn, ti ayé Pentium 4. Ẹ dé e padà, iṣẹ́ ti parí.

Ẹ ṣọ́ra fún ihò méjì tó gùn bákan náà. Nínú OptiPlex bíi 990 àti 7010 onílé ńlá, ihò gígùn méjì ló wà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọ̀nà x4 péré ni wọ́n fà sí i lábẹ́, ìyẹn ọ̀nà mẹ́rin tí dátà ń gbà dípò mẹ́rìndínlógún. Káàdì á wọ̀ ọ́, á sì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n á máa fi ẹsẹ̀ kan rìn. Ìwé ìtọ́ni á sọ èyí tó jẹ́ x16 gidi fún yín.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá káàdì PCIe 3.0 lè bá ihò 2.0 ṣe. Ó lè bá a ṣe, ọ̀tọ̀ ni iyàrá. Ibi tó ti ń dunni ni àwọn káàdì tó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́rin péré ni wọ́n ní lára. RX 6400 jẹ́ ọ̀kan: lórí PCIe 2.0, bíi 2 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló kù fún un, nígbà tí káàdì x16 á rí bíi 8 GB lórí ihò yẹn kan náà. Fún ìran kejì Intel, ẹ fò ó.

3. Ẹ wọn àyè

Ohun mẹ́ta ni: gíga, gígùn, àti nínípọn.

Ẹ wo àwo irin tó bo ẹ̀yìn ihò náà. Bí ó bá gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 12, káàdì gíga wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ bíi 8, ilé tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ní, èyí tí wọ́n ń pè ní SFF, káàdì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní low profile nìkan ló lè gbà. Ìyẹn nìkan kò tó o. Káàdì kúkúrú sábà máa ń bá àwo irin méjì wá láti ilé iṣẹ́, gígùn kan, kúkúrú kan. Nígbà tó bá fi di tòkunbọ̀, ti kúkúrú ti sọnù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó ń tà á pé, "Irin kékeré rẹ̀ ńkọ́?" Bí kò bá sí, ẹ óò máa wá oníwẹ́dà kiri ni, mo sì ti ṣe ìyẹn rí ní Òjóò, kò dùn.

Fún gígùn, ẹ wọn láti ara irin ẹ̀yìn títí dé ohun àkọ́kọ́ tó máa dí i lọ́nà, ìyẹn àpótí háádì díìsìkì tàbí okùn SATA (ti háádì díìsìkì) tó dúró ṣánṣán. Ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 1 kúrò fún ìka yín. Fún nínípọn, ẹ wo bóyá káàdì onífáànù ńlá máa bo ihò kejì tí ẹ̀ ń lò fún Wi-Fi.

Àyẹ̀wò: ẹ gé páálí kan ní ìwọ̀n káàdì tí ẹ fẹ́, kí ẹ dúró páálí náà sínú ihò. Bí páálí bá kọlu nǹkan, káàdì á kọlu ú.

4. Iná

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí níbí ni nǹkan ti ń jó.

Ihò x16 fúnra rẹ̀ lè gbé wáàtì 75 jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Okùn onípíìnì 6 láti páwà páàkì á fi 75 kún un, onípíìnì 8 á fi 150 kún un. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní ọ̀kankan nínú okùn méjèèjì, nítorí náà káàdì tí kò nílò okùn ló tọ́ sí wọn. Àwọn ilé tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí ìwé wọn sọ pé ihò náà kò gbọdọ̀ gbé tó 75 pàápàá. Ẹ kà á.

Ẹ wá wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páwà páàkì. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá orí rẹ̀ tàn yín. Ìlà +12V ni kí ẹ wò. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n kọ 18A síbẹ̀. 18 lọ́nà 12 jẹ́ wáàtì 216. i5-2400 lè jẹ tó 95 nínú rẹ̀, ó ku 121. Ẹ yọ bíi 40 fún háádì díìsìkì, fáànù àti mọ́dàbọ́ọ̀dù, ó ku bíi 80. Káàdì oníwáàtì 60 á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ti 75 á wọlé, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún un láti mí. Bí ìlà +12V bá pé méjì lórí ìwé náà, ẹ má kàn ro wọ́n pọ̀. Àpapọ̀ tí wọ́n gbà láàyè sábà máa ń wà nísàlẹ̀ wọn, ó sì kéré sí ohun tí ẹ máa rò.

OptiPlex 7010 onílé ńlá ní wáàtì 275, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ní 240. Ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi ń dá káàdì ńlá lábàá.

Ohun méjì tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe. Àkọ́kọ́, ẹ má ra okùn tó ń sọ SATA di onípíìnì 6. Orí SATA kò gbọdọ̀ gbé ju ámúpù 4.5 lọ lórí 12V, wáàtì 54 nìyẹn, káàdì sì lè béèrè 75 lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti rí irú orí okùn bẹ́ẹ̀ tó yọ́ bí àbẹ́là. Èkejì, ẹ má sáré ra páwà páàkì tuntun fún Dell tàbí HP láìwo orí okùn rẹ̀. OptiPlex 9020 ń lo onípíìnì 8 tirẹ̀ lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù, HP EliteDesk 800 G1 ń lo onípíìnì 6, nígbà tí páwà páàkì gbogbogbòò jẹ́ onípíìnì 24. Okùn àyípadà wà fún un, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀rọ yín gan-an ni kí ẹ fi béèrè. Páwà páàkì "500W" tó fúyẹ́ bí páálí bisikíìtì, ẹ gbé e padà sórí káńtà.

Àyẹ̀wò: ẹ lè sọ iye wáàtì tó kù fún káàdì láìwojú ẹnikẹ́ni.

5. Ẹ wá lọ sọ́jà

Báyìí lẹ lè mú Mícrà lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹjà. Àwọn tí mo máa ń sọ fún oníbàárà mi nìwọ̀nyí.

GTX 750 Ti, wáàtì 60, ni ọmọ ìyá gbogbo kọ̀ǹpútà ìran kejì àti ìkẹta. GTX 1050 Ti, wáàtì 75, lágbára jù ú lọ; ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò nílò okùn, àwọn kan nílò rẹ̀, ẹ wo etí rẹ̀. GTX 1650 náà jẹ́ 75, ìkìlọ̀ kan náà ló wà fún un. Fún ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná rẹ̀ kò tó nǹkan, Quadro P600 ń jẹ wáàtì 40, P1000 ń jẹ 47, kúkúrú sì ni àwọn méjèèjì.

GT 1030 ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Ó ń jẹ wáàtì 30, gbogbo ènìyàn ló ń polówó rẹ̀. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà, orúkọ kan náà, mẹ́mọ́rì inú wọn ló yàtọ̀: ti GDDR5 ń gbé 48 GB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti DDR4 ń gbé bíi 17. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gé fídíò òde àríyá, ẹ gbọ́ èyí: GT 1030 kò ní ẹ̀yà tó ń di fídíò pọ̀ sínú fáìlì (encoder) rárá, RX 6400 náà kò ní in. Bí ẹ bá ń gbé fídíò wákàtí mẹ́ta jáde, prósẹ́sọ̀ àtijọ́ yín ló máa ṣe gbogbo rẹ̀. 750 Ti àti 1050 Ti ní ẹ̀yà yìí.

GT 710 ńkọ́? Fún mọ́nítọ̀ méjì àti Excel, ó dára. NVIDIA ti dá driver tuntun dúró fún irú rẹ̀ láti 2021.

Mọ́nítọ̀ yín náà wà nínú ìṣirò. 1050 Ti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbé VGA, irú àwòrán tí mọ́nítọ̀ àtijọ́ ń gbà, jáde rárá. Ṣóńṣó kékeré tó ń sọ DVI di VGA kò ní í ṣiṣẹ́ lára wọn. Èyí tó ní ẹ̀rọ nínú, tó ń yí HDMI tàbí DisplayPort padà sí VGA, lẹ máa rà.

Ọ̀rọ̀ VGA yìí náà ló ń tú àṣírí ayédèrú. Bí ẹnìkan bá gbé "GTX 1050 Ti" tó ní ihò VGA aláwọ̀ búlúù wá, káàdì àtijọ́ tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ni. GPU-Z á fi [FAKE] síwájú orúkọ irú rẹ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2018. Device Manager kò ní í sọ ọ́ fún yín, orúkọ tí wọ́n kọ sára káàdì ni yóò máa kà.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí wọ́n fi káàdì sínú ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tan GPU-Z láti inú fíláàṣì yín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára káàdì sínú rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà.

6. Kí káàdì tó wọlé

Ẹ wa driver tuntun sílẹ̀ kí ẹ tó yọ ti àtijọ́. Driver ìgbà yìí kò gba Windows oníbíìtì 32. Bí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Windows lẹ máa kọ́kọ́ yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń tàn pẹ̀lú ohun tó pọn dandan nìkan, kí ẹ fi DDU nu driver káàdì àtijọ́, bí ọ̀kan bá wà.

Bí BIOS tuntun bá wà fún ẹ̀rọ yín, ìgbà yìí ni kí ẹ fi sí i, pàápàá lórí HP. Ẹ má ṣe é lórí iná NEPA lásán. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín rẹ̀, mọ́dàbọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Inverter tàbí UPS tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àyẹ̀wò: ọjọ́ BIOS nínú msinfo32 ti yí padà.

7. Ẹ fi sí i

Ẹ yọ okùn iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Nígbà ọyẹ́, tí ara gbogbo ènìyàn ń ta iná pátí, ẹ fọwọ́ kan irin ilé kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan káàdì, ẹ má sì wọ súwẹ́tà ṣe é. Ẹ yọ àwo irin ẹ̀yìn, ẹ ṣí ìkọ́ kékeré tó wà ní ìdí ihò, kí ẹ di etí káàdì mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ṣánṣán títí ẹ ó fi gbọ́ "kẹ́". Ẹ dè é ní nọ́ọ̀tì. Bí ó bá ní ihò okùn iná, ẹ ki okùn bọ̀ ọ́.

Okùn mọ́nítọ̀ ńkọ́? Ara káàdì ni kí ẹ ki í sí, kì í ṣe ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lára mọ́dàbọ́ọ̀dù. Mo ti gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ìṣòro rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Àyẹ̀wò: àwọn eyín oníwúrà káàdì kò hàn síta mọ́, fáànù rẹ̀ yí, àwòrán sì jáde.

8. Bí ojú mọ́nítọ̀ bá ṣókùnkùn

Ẹ má tíì pariwo pé káàdì ti kú. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí: ẹ yọ ọ́, ẹ tún un fi sí i, ẹ pààrọ̀ okùn mọ́nítọ̀, ẹ yọ káàdì, kí ẹ tan ẹ̀rọ láti ara mọ́dàbọ́ọ̀dù. Bí ó bá tàn, ẹ wọ BIOS, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan àwòrán àkọ́kọ́, kí ẹ fi sí Auto tàbí PEG (ìyẹn ihò káàdì). Bí kò bá tíì gbọ́, ẹ yọ bátìrì CR2032 tó rí bíi kọ́bọ̀ lára mọ́dàbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú 5, nígbà tí okùn iná ti kúrò. Bátìrì yẹn ti kú nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀; ẹ kúkú ra tuntun. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ gbé káàdì lọ sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ padà sí ohun tí ẹ kọ nípa UEFI ní ìpele 1.

9. Ìdánwò

Ẹ fi driver sí i, ẹ tún ẹ̀rọ tàn, ẹ ṣí GPU-Z. Ní Bus Interface, ẹ lè rí "x16 @ x16 1.1" kí ọkàn yín já. Káàdì ń sinmi ni. Ẹ tẹ àmì ìbéèrè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, á gòkè sí 2.0 tàbí 3.0. Bí ó bá dúró lórí x4 nígbà tí káàdì yín jẹ́ x16, ihò kejì lẹ fi í sí.

Ẹ wá fi FurMark, ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán káàdì wò, ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ máa wo ìgbóná. Bí ó bá ń súnmọ́ 85°C, ẹ nu fáànù, ẹ pààrọ̀ thermal paste, ọ̀rá tó ń gba ooru kúrò lára ṣípù káàdì. Bí ẹ̀rọ bá kú pì tó sì tún ara rẹ̀ tàn, páwà páàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ má ṣe ìdánwò yìí nígbà tí fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ìdérí ṣíṣí ni ọ̀pọ̀ máa ń fi ṣe é, wọ́n á sì lọ sùn. Ẹ dé e, ẹ de nọ́ọ̀tì rẹ̀ pátápátá, ẹ gbé e padà sí abẹ́ tábìlì tó máa ń wà, kí ẹ tún FurMark ṣe fún ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Nọ́ńbà ìgbóná ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni kí ẹ kọ sórí bébà yín.